Bí Ẹ Bá Ti Dọ̀bálẹ̀, Ẹ Tẹ Oókan

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ́ pé Alhaji Abdulganiyu Àkànbí kì í ṣe èèyàn burúkú, nítorí ohun tí a ó sọ lẹ́yìn èyí lè dà bí ẹni pé a kórìíra rẹ̀. Ó ń kírun, ó ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kì í mu ọtí, kò sì jí kọ́bọ̀ ìjọba. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Àwọn kan wà tí ebi iyán ń pa, àwọn kan wà tí ebi owó ń pa. Ní ti Alhaji, ebi ìkíni ni. Bí wọ́n bá kí i yó láàárọ̀, kó tó di ìyálẹ̀ta ó ti dà, yóò sì máa wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan tún ń bọ̀.

Ní ọdún 1991, òun ni Adelé Ọ̀gá Àgbà ní Àjọ Ajílẹ̀ àti Irúgbìn, ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀fà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gba ajílẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin bá gbé dé, kó sì pín in fún àwọn àgbẹ̀ Òjòkú àti abúlé tó yí i ká. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, adelé. Ẹni tó ni ipò gan-an ti fẹ̀yìn tì, ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ náà ní Ìlọrin sì ní kí Alhaji máa mú àga náà dání ná, kí àwọn wo ọwọ́ rẹ̀. Akunlé kọ "Adelé Ọ̀gá Àgbà" sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Alhaji pe akunlé náà padà, ó ní kó fi ọ̀dà pa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ́. Ọ̀dà funfun ni akunlé ní lọ́wọ́, ilẹ̀kùn sì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Láti ọjọ́ náà, kò sí àlejò kan tó wọ ibẹ̀ tí kò béèrè pé, "Kí ló wà lábẹ́ ọ̀dà funfun yẹn?" Wọ́n á sì sọ fún un.

Alága ìgbìmọ̀, Alhaji Jímọ̀, àgbàlagbà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ti sọ ohun tí yóò sọ adelé di ojúlówó. Ó ní, "Àkànbí, mi ò fẹ́ ìwé, mi ò fẹ́ àlàyé. Kí ajílẹ̀ dé ọwọ́ àwọn ará Òjòkú kí àgbàdo wọn tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Bó bá dé, àga di tìrẹ. Bí kò bá dé, a ó wá ẹlòmíràn."

Ohun tí wọ́n ní kí Alhaji ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo ohun tó ṣe.

Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ tẹlifóònù kan, irú èyí tó ń so yàrá kan mọ́ èkejì, tó sì ń so gbogbo wọn mọ́ ìta. Àṣàkẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ tuntun, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé. Ẹ̀rọ náà ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ẹ ó pe akápò, ilé ìkẹ́rùsí ni yóò dáhùn. Ẹ ó máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, yóò já. Èyí tó burú jù ni pé bí ọ̀rọ̀ bá tán, tí ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ìlà kò ní tú. Yóò di mọ́ yín bí eèmọ́ tó lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ilé-iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà wá ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé àwọn ti rí oògùn rẹ̀. Wọn kò ní í pààrọ̀ wáyà, wọn kò ní í gbẹ́ ilẹ̀. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà ni wọ́n tún ṣe, wọ́n sì kó gbogbo àtúnṣe náà sínú díísìkì pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Sọ́fúwíà tuntun ni wọ́n pè é. Ẹnjiníà kan, Dúrótìmí, ló gbé e wá nínú àpò àyà rẹ̀.

Ọ̀gá mìíràn ì bá ní, "Ẹ kú ìrìn, ẹ wọlé ṣiṣẹ́ yín." Ti Alhaji kọ́! Ó ní wọn kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bọ ẹ̀rọ lẹ́nu bí ẹni ń fún ọmọ ní àgbo. Ayẹyẹ ni wọn yóò fi ṣe é. Wọ́n to àga sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n gbé díísìkì náà sórí àwo, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù pupa dì í ní ìdì àgbélébùú títí Alfa tó wá ṣàdúrà fi ní kí wọ́n tún un dì lọ́nà mìíràn. Alhaji dìde, ó tún agbádá rẹ̀ kó séjìká ọ̀tún, ó tún un kó sí tòsì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" ni ó wí. "Nígbà tí àwọn òyìnbó la ojú irin gba ìlú wa kọjá, wọ́n rò pé òpin ọgbọ́n nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé òní ń bọ̀! Díísìkì yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó dúró tì í. Láti òní lọ, ohùn yóò máa rìn nínú ilé-iṣẹ́ yìí bí ọlọ́lá ṣe ń rìn: kò ní í sáré, kò ní í kánjú, ohun tó ga ni yóò sì máa ṣíwájú!"

"Kí ẹ̀mí yín ó gùn!" ni Kamaldeen kígbe. Kamaldeen yìí ni akọ̀wé rẹ̀. Ìwé ni wọ́n gbà á síṣẹ́ láti máa kọ, ṣùgbọ́n ó ti rí i pé ẹnu ń tètè gbé èèyàn sókè ju bírò lọ.

Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé ẹnu àpò ajílẹ̀ ni wọ́n gbé fún Alhaji, ó sì ti kú tipẹ́. Ó gé, kò gé. Ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹnjiníà di ojú rẹ̀. Nígbà tí ríbọ́ọ̀nù já, igun díísìkì náà ti tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kó o yọ.

Nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì, Dúrótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

"Sà, ìlà tó ń di mọ́ni yẹn, a ti wò ó sàn. Bí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì tó ń sọ̀rọ̀ bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ìlà á tú lójú ẹsẹ̀."

Alhaji gbójú sókè. "Èyíkéyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí èmi àti kíláàkì mi bá ń sọ̀rọ̀, tí kíláàkì bá gbé tirẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti tán nìyẹn, sà."

"Ó ti tán! Kamaldeen, ṣé o gbọ́? Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi gbà síṣẹ́ á kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ní ó ti tán! Ẹnjiníà, níbo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà?"

"Ìbàdàn, sà."

"Ní Ìbàdàn, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ṣé ọmọdé máa ń dìde ni?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni…"

"Kí ẹ̀rọ náà ó kọ́ ẹ̀kọ́ ilé! Ìlà tèmi kò gbọdọ̀ tú, àfi bí a bá gbé fóònù tèmi sílẹ̀. Kí ẹni tó kù ó dúró."

"Sà, àìsàn àtijọ́ yẹn náà lẹ tún ń dá padà yìí."

"Nígbà tó ń ṣe gbogbo ayé, àìsàn ni," ni Alhaji wí. "Bó bá ti jẹ́ èmi nìkan, ọ̀wọ̀ ni."

Dúrótìmí bọ́ sórí àtúnṣe tó kàn. "Bí ẹ kò bá sí lórí àga, sà, ìpè yín á ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀lé yín."

"Ẹni tó tẹ̀lé mi? Ṣé mo ti kú ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni Kamaldeen wí, ó sì fọwọ́ gbá àyà.

"Bí baálé bá re oko, ta ló ń bọ́ sórí ẹní rẹ̀? Yọ ọ́ kúrò. Kí ìpè mi jókòó dè mí."

Ó wá ku ohùn tí yóò máa kí àwọn tó bá pè wọlé. Èyí tí wọ́n ṣe wá láti Ìbàdàn kò gùn: ẹ káàbọ̀ sí Àjọ Ajílẹ̀ àti Irúgbìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Alhaji tẹ́tí, ó tún tẹ́tí. Ó ní, "Orúkọ mi dà níbẹ̀?" Ó sì ní kí Kamaldeen jókòó síwájú ẹ̀rọ, kó gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí Kamaldeen kà sínú ẹ̀rọ nìyí, a kò fi kún un, a kàn gé e kúrú ni:

"Ẹ rọra o, ẹ̀yin tí ẹ ń pè. Àgbàlá Alhaji Abdulganiyu Àkànbí lẹ wọ̀ yìí, Ọ̀gá Àgbà láìsí ọ̀rọ̀ kankan níwájú rẹ̀. Erin tí ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì tí ilẹ̀ fi ń mì. Òjò tí ń rọ̀ sórí àgbàdo láì sán àrá. Ọkọ Alhaja Asiata. Ẹni tó jókòó tí àga ń dúpẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, tí ẹ sì ti dọ̀bálẹ̀, ẹ tẹ oókan. Bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, tí ẹ sì ti kúnlẹ̀, ẹ tẹ eéjì. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí Dúrótìmí ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, Àṣàkẹ́ bi í lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹnjiníà, ṣé ó ti dáa báyìí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni Dúrótìmí wí. "Mi ò sọ pé ó dáa o, Àǹtí."

Báyìí ni ìjọba tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀. Alhaji ní fóònù kan lórí tábìlì tí kò nílò kí èèyàn gbé e sétí. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á gba gbogbo yàrá bí ìgbà tí lèmọ́mù bá gba ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Alhaji fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá tán, òun kọ́ ló ń tẹ bọ́tìnnì pa. Ó ní ẹni ńlá kì í ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Kamaldeen ni yóò wọlé, yóò tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan, yóò sì fi ẹ̀yìn rìn jáde. Bí Kamaldeen bá lọ kírun, ẹni tí Alhaji bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn á dúró pẹ̀lú fóònù létí. Akápò dúró báyìí lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan títí ọrùn rẹ̀ fi wọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ ló fi ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn oníbàárà sì rò pé ó ń ṣe ìgbéraga. Alhaja Asiata pe ọkọ rẹ̀ láti bi í bóyá kí àwọn se ẹ̀wà tàbí kí àwọn tẹ ẹ̀bà. Nígbà tí ẹ̀rọ sọ fún un pé kó kúnlẹ̀ kó tó tẹ eéjì, ó wo fóònù náà, ó ní, "Èmi tí mo fọ ṣòkòtò rẹ̀ láàárọ̀?" Kò se ẹ̀wà, kò tẹ ẹ̀bà.

Alhaji tún ṣòfin kan lé e: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu mú iṣẹ́ wọ ọ́fíìsì òun mọ́. Ayé ti lajú. Ohun yòówù tí wọ́n bá fẹ́ sọ fún òun, kó gba orí fóònù wá.

Ìgbà yìí gan-an ni ajílẹ̀ dé.

Ó dé sí téṣàn rélùwéè nínú wágọ́nù tí kò ní òrùlé. Ọ̀gá téṣàn gbé fóònù, ó pe ilé-iṣẹ́ náà, ó sì gbọ́ nípa erin orí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kó tẹ oókan. Ṣùgbọ́n fóònù téṣàn, ti ayé òyìnbó ni, dúdú, wíwúwo. Yíyí ni wọ́n ń yí i, kò ní ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀gá téṣàn yí oókan. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ó ti dọ̀bálẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí erin. Ó gbọ́ ọ títí àwọn òṣìṣẹ́ téṣàn fi mọ oríkì náà sórí, tí wọ́n fi ń kọ ọ́ bí wọ́n bá ń ti ẹrù. Ó wá rán ènìyàn. Àṣàkẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu onítọ̀hún, ó wọlé tọ Alhaji lọ.

"Sà, wọ́n ránṣẹ́ láti téṣàn…"

"Ta ni wọ́n rán? Tẹlifóònù ni?"

"Rárá, sà, èèyàn ni."

"Kí ni mo sọ nípa èèyàn?"

"Sà, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀…"

"Àṣàkẹ́! Ṣé kí n fi ọgbọ̀n fóònù sínú ilé yìí kí ìwọ ó tún máa fẹsẹ̀ rìn gbé ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni ń kiri ẹ̀kọ? Kí wọ́n tẹ̀ mí láago! Jáde."

Àṣàkẹ́ jáde. Òjò ọdún náà sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé Alhaji kò bìkítà o. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àárọ̀ kan kò mọ́ kó má wo fóònù náà kó ní, "Wọn ò tíì pè mí síbẹ̀?" Ó ń bẹ̀rù pé àgbàdo á yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ìpè kò ní í wọlé, àga á bọ́. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà fún ló ń dúró dè.

Ní ọjọ́ kan, olórí àwọn àgbẹ̀ Òjòkú, Ògúnṣínà, wá fúnra rẹ̀. Ọdẹ ni, bàbá tó ga tó sì gbẹ bí igi ìrókò. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Alhaji wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Láti orí àga àlejò, ó ń rí Alhaji, Alhaji náà ń rí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji!" ni Ògúnṣínà wí.

Alhaji wo àjà ilé.

"Bàbá, ẹ ó fi fóònù pè é ni," ni Àṣàkẹ́ wí, ó sì na èyí tó wà lórí tábìlì rẹ̀ sí i.

"Fóònù? Òun kọ́ ni mò ń wò yìí?"

"Òun náà ni."

"Ṣé etí rẹ̀ ló di?"

"Etí kọ́, Bàbá. Ẹ ṣáà gbà."

Ògúnṣínà gbà á, ó tẹ́tí. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ní, "Ọmọ mi, ó ní kí n dọ̀bálẹ̀. Ọjọ́ orí mi ju ti bàbá rẹ̀ lọ." Ó dúró, ó rántí àgbàdo rẹ̀ tó ti ń pọ́n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bàbá náà bá na gbọọrọ sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. Okùn fóònù kò gùn tó, ó fà á, orí fóònù sì bọ́ lulẹ̀ tì í. Láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí, ó kígbe pé, "Mo ti wà nílẹ̀ o! Ta ni yóò bá mi tẹ nǹkan náà?" Àṣàkẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún un. Fóònù dún lórí tábìlì Alhaji. Alhaji jẹ́ kó dún tẹ́ ẹ lọ́rùn kó tó dáhùn.

"Ta nìyẹn o?"

"Ẹni tí ẹ ń wò ni!"

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Kí lẹ fẹ́?"

"Ajílẹ̀ ni. Ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé. Bó bá dé, wọ́n á pè mí."

Ògúnṣínà dìde, ó gbọn eruku ìkùn rẹ̀. Àṣàkẹ́ tẹ̀lé e dé abẹ́ igi máńgòrò, ó sì sọ òtítọ́ fún un sétí. A kò ní tún ohun tí bàbá náà sọ sọ. Ó kan ìyá ẹ̀rọ náà àti ìyá ẹni tó ni ín. Ó gba téṣàn lọ, wọ́n ní àwọn kò lè fún un ní ẹrù láìsí ìfọwọ́sí Ọ̀gá Àgbà. Ó bá padà sí Òjòkú lọ pe àwọn èèyàn rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Alhaji tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó pe Alága ní Ìlọrin. Lórí fóònù, Alhaji mìíràn ni. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ọṣẹ tó ti pẹ́ nínú omi.

"Alága, sà! Ọmọ yín, Àkànbí ni!"

"Hẹn, Àkànbí. Ajílẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti wà lọ́nà, sà. Ìdùnnú ti ṣubú layọ̀ ní Òjòkú. Wọ́n ń jó."

"Wọ́n ń jó kó tó dé?"

"Wọ́n mọ̀ pé tèmi dájú ni, sà."

"Ó dáa. Ìgbìmọ̀ ń jókòó lọ́la lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ó dàbọ̀."

Alága gbé fóònù sílẹ̀ ní Ìlọrin. Nígbà yẹn, ẹni tó pe èèyàn ló ni ìlà. Bí kò bá gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí wọ́n pè kò ní í rí fóònù rẹ̀ lò fún nǹkan mìíràn. Àtúnṣe Ìbàdàn ì bá ti tú u. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó ní kí ó má tú, Kamaldeen kò sì sí nílé. Ó ti lọ sọ́dọ̀ télọ̀ láti gba agbádá tí Alhaji yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìfinijoyè.

Ó gbé e dé, aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn. Inú Alhaji dùn débi pé kò sẹ́ni tó rántí bọ́tìnnì, ó ní kí àwọn dán ọjọ́ náà wò. Òun yóò ṣe ara òun, Kamaldeen yóò sì ṣe Alága. Kamaldeen fa fìlà wálẹ̀ dé ojú, ó tẹ ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Àkànbí… ẹ̀hẹ́… mi ò fẹ́ ìwé… ẹ̀hẹ́…"

"Kò fẹ́ ìwé, nítorí ojú rẹ̀ kò rí i mọ́!" Alhaji rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. "Fi oorun sí i! Ní ìpàdé tó kọjá, ó sùn títí tó fi dìbò fún ẹni tí kò díje!"

Kamaldeen hanrun. Ó hanrun, ó sì fi súfèé parí rẹ̀.

"Bí mo bá gba àga náà tán," ni Alhaji wí, "ẹ̀yìn, lẹ́bàá fèrèsé, ni n ó máa gbé bàbá yẹn sí. Kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i, kó má baà rùn."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé tí Àṣàkẹ́ já wọlé, tí òjò ti rin gèlè rẹ̀.

"Mi ò pè yín lórí fóònù o, sà, mi ò sì kúnlẹ̀. Ẹ lé mi níṣẹ́ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ọ lónìí. Ajílẹ̀ ti wà ní téṣàn tipẹ́tipẹ́! Ìta gbangba ló wà, òjò ń wẹ̀ ẹ́ lọ. Koríko ẹ̀bá ojú irin ti ga jù mí lọ, àgbàdo Òjòkú kò sì kọjá orúnkún. Àwọn ará Òjòkú ti dé síbẹ̀ pẹ̀lú pikọ́ọ̀pù, ìfọwọ́sí yín nìkan ni wọ́n ń dúró dè."

 Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ bá wa wo ọkùnrin náà dáadáa, nítorí ọ̀nà ṣì ń bẹ fún un níbẹ̀. Bó bá dìde lọ sí téṣàn nísinsìnyí, àwọn àpò tó wà nísàlẹ̀ wágọ́nù ṣì gbẹ. Ó dìde lóòótọ́. Ó lọ ti fèrèsé.

"Ta ló mọ̀ sí i?"

"Gbogbo Ọ̀fà, sà. Ẹ̀yin ló kù."

"Alága ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Kò gbọdọ̀ mọ̀! Kí àwọn ará Òjòkú lọ dúró sọ́hùn-ún dọ̀la. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i tán, a ó ní rélùwéè ló pẹ́. Ta ni yóò sọ fún arúgbó yẹn?"

"Kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un," ni fóònù orí tábìlì wí. "Ó ti gbọ́."

Kamaldeen ju agbádá tuntun náà bo fóònù, bí ẹni ń daṣọ bo ẹni tó bọ́ sí ìhòòhò lójú ọjà. Ohùn náà kò dákẹ́, abẹ́ aṣọ ló ti ń jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji Àkànbí. Ilé mi ni mo fẹ́ pè, kí wọ́n bá mi po ẹ̀kọ. Mo gbé fóònù, ẹ̀rín ni mo gbọ́. Mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e, ikọ́ ara mi ni mò ń gbọ́ láti Ọ̀fà. Ta ló ń bá mi wú u níbẹ̀ yẹn? Ó mọ̀ ọ́n wú."

Kamaldeen mi orí pé òun kọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, ìwọ ni Alága máa ń pe Alhaji, bí bàbá ti ń pe ọmọ. Lónìí ó ń pè é ní ẹ̀yin.  Alhaji na gbọọrọ sílẹ̀ níwájú tábìlì.

"Alága, sà! Mo ti dọ̀bálẹ̀ o!"

"Ẹ dìde, mi ò rí yín. Ẹ kàn ń fi aṣọ nu ilẹ̀ ni. Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀, kí èmi lè fi tèmi pe Alhaja Safiyat ní ẹ̀ka wa ní Ìlọrin níbí. Òun ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín."

Alhaji dìde. Ìka rẹ̀ lọ sórí bọ́tìnnì, ó sì dúró lókè rẹ̀. Ọgbọ́n kan ṣẹ́ yọ sí i. Bí fóònù tirẹ̀ kò bá lọ sílẹ̀, ìlà Alága kò ní í tú. Bí ìlà kò bá tú, Alága kò lè pe Safiyat. Bí kò bá pe Safiyat, ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́? Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan iná.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnnì yìí!" ni ó kígbe. Ó wọ́ àga wá, ó fi apá méjèèjì yí fóònù náà ká bí adìẹ tó sàba.

Kamaldeen ní télọ̀ gbàgbé bọ́tìnnì kan lára agbádá, ó gbé aṣọ náà, ó sì jáde. Agbádá kì í ní bọ́tìnnì, Kamaldeen kò sì padà wá. Àṣàkẹ́ ní tirẹ̀ ti kó gbogbo tapólì tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ tó kù, wọ́n forí lé téṣàn. Ó ku Alhaji àti fóònù rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Ó ní Kamaldeen ló bẹ̀rẹ̀ ikọ́. Kò sí ìdáhùn láti Ìlọrin, àfi ìró fáànù tó ń yí. Èyí mú un lọ́kàn le, ó ní ẹni tó ń bínú ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó dákẹ́ ti ń rò ó. Ó wá ń fi kún un. Ó ka iṣẹ́ rere rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ó ṣèlérí pé wọn yóò gba oríkì Alága náà sínú ẹ̀rọ, yóò sì gùn ju toun lọ, kódà kí àwọn obìnrin máa dọ̀bálẹ̀ sí i. Ọjọ́ ń rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Òjò dá, ó ń sọ̀rọ̀.

Ọkàn rẹ̀ kò lọ sórí i pé Ìlọrin ní fóònù ju ẹyọ kan lọ, tàbí pé títì wà láti Ìlọrin wá sí Ọ̀fà. Tipẹ́ ni ọkọ̀ Alága ti dúró ní téṣàn. Bàbá náà fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ kí wọ́n kó àwọn àpò tó ṣẹ́kù, ó sì dúró nínú ẹrẹ̀ títí pikọ́ọ̀pù tó gbé wọn fi yà sí ọ̀nà Òjòkú.

"…Bí ẹ bá sì wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, sà," ni Alhaji ń wí, "àbùkù kan ò sí lára mi, àfi pé mo fẹ́ràn ìlànà…"

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn gbé ọwọ́ kan sókè.

"Ẹni yòówù kó jẹ́, kó dúró síta! Ṣé ẹ ò rí i pé èmi àti Alága là ń sọ̀rọ̀ ni?"

Alága, Alhaji Jímọ̀ fúnra rẹ̀, bọ́ fìlà rẹ̀ tó ti rin. Ó wo Alhaja Safiyat, ó wo Ògúnṣínà. Ó sì rọra fa àga kan, ó jókòó, ó ń dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀ wọn tán.